Bí mo ṣe kọ àdánù ṣọ́ọ̀bù mi sínú ìwé owó orí

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ṣómólú. Àwa tí a ń tẹ̀wé ládùúgbò yẹn kò ní gbàgbé ọdún 2023. Lóṣù kejì, owó náírà ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ oníbàárà. Lóṣù kẹfà, náírà já wálẹ̀, bébà tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí kí n tó parí iṣẹ́ tí mo ti gba àsansílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ohun tó jáde ti ju ohun tó wọlé lọ.

Ọ̀pọ̀ lára wa gbà pé ẹni tí kò jèrè kò ní nǹkan kan láti bá LIRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí nípìnlẹ̀ Èkó, sọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé owó orí rẹ̀ ránṣẹ́, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ì báà jèrè, ì báà pàdánù. Bí àdánù bá sì wà lákọsílẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú èrè tí òwò yẹn kan náà bá mú wá lẹ́yìn náà. Àdánù tí a kò kọ, ta ló mọ̀ ọ́n?

Ṣíṣa owó tó jáde ló gba agbára. Mo tẹ ìwé báńkì jáde, mo mú báírò. Bébà, yíǹkì, pléètì, owó ṣọ́ọ̀bù, owó àwọn ọmọṣẹ́: kò sí wàhálà. Owó iléèwé àwọn ọmọ ńkọ́? Akáńtáǹtì tó bá mi wò ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ẹ fà á yọ. Ohun tí ẹ ná nílé kì í ṣe ìnáwó òwò." Aṣọ ẹbí bá a lọ. Ẹ̀rọ gígé bébà tí mo rà lọ́dún náà ní ètò tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la máa ń yọ ọ́ lọ́dọọdún, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà bíi yíǹkì. Orí dísẹ́ẹ̀lì la ti fa ọ̀rọ̀, torí jẹnẹrétọ̀ kan náà ló ń tan iná ilé mi lókè. A pín in, mo sì kọ bí a ṣe pín in sílẹ̀.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ lórí eTax, ìkànnì LIRS lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo di rìsíìtì pọ̀.

Lọ́dún kejì, káàdì ìgbéyàwó wọlé, mo jèrè. Àwọn LIRS bi mí ní ìdí tí èrè tí mo kọ fi kéré sí owó tó ṣẹ́ kù. Mo mú ìwé 2023 jáde: àdánù ọdún yẹn ni mo yọ. Wọ́n ní kí n mú rìsíìtì bébà wá. Ó wà lọ́wọ́ mi.