Àyè, òfo, òfúrufú: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ibi tó ṣófo

Ẹ má kọ “AYE WA” sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ti Lagere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, bọ̀, tó ń wá ṣọ́ọ̀bù gbà, lè kà á sí “àyè wà”. Ẹlòmíràn á kà á sí “ayé wa”, á rò pé orúkọ ẹgbẹ́ ni, á bá tirẹ̀ lọ. Ààyè tún wà ńbẹ̀, ti ẹni tí kò kú. Àwọn tó kàwé kí àkọtọ́ ọdún 1974 tó dé máa ń kọ “aiye” fún ayé, ìyẹn sì ń là á yàtọ̀ díẹ̀. A ti yọ “i” yẹn dànù. Àmì ohùn ló kù. Bí fóònù yín kò bá ní in, ẹ kúkú kọ “Ṣọ́ọ̀bù yìí wà fún rẹ́ǹtì”.

Òfo ló burú jù. Òfo ni kí ohunkóhun má sí nínú nǹkan; òun la fi ń sọ pé ó ṣófo. Òfò ni àdánù, òun ló bí ṣòfò. Ọ̀fọ̀ dé bá ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Ọfọ̀ wà lẹ́nu babaláwo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wọ́n pọ̀ fún yín bí ọmọ ìyá, torí pé létà wọn jọra. Ẹ wá fi “Ile ti sofo” ránṣẹ́ sí ìyá onílé: ṣé ayálégbé ló kó jáde ni, àbí owó ilé ló wọgbó?

Àlàfo kò le. Ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan lápá méjèèjì, bíi ti ìdánwò, “fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo”. Pápá gbalasa kì í ṣe àlàfo.

Ẹ má sì pe òfúrufú ní ọ̀run. Òfúrufú ni ẹyẹ àti bàálù ń gbà; ọ̀run ni ti Olódùmarè àtàwọn tó ti lọ. (Sánmà ní tirẹ̀, Lárúbáwá ló ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa.) Bí wọ́n ti ń pìtàn ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀run ni Oòduà ti fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wálẹ̀, ó la òfúrufú kọjá, ó bá omi nísàlẹ̀. Ó da iyẹ̀pẹ̀ lé e, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án káàkiri, ilẹ̀ sì fẹ̀. Nínú “fẹ̀” yẹn làwọn àgbà ti fa orúkọ ìlú yọ. Síbẹ̀ ẹ ó rí i tí wọ́n kọ “Ilé-Ìfẹ́” gàdàgbà sára aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ta wá ni ìlú ń fẹ́?