Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Páàdì Bíréèkì Iwájú Ọkọ̀ Mi

Bí mo bá ti tẹ bíréèkì báyìí, ẹsẹ̀ iwájú á han goooro. Irin pẹlẹbẹ kan ló ń han. Wọ́n dìídì fi í sára páàdì kó lè máa ha dísìkì, ìyẹn àwo irin tó ń bá táyà yí tí páàdì máa ń fún mọ́, nígbà tí páàdì bá ń tán lọ. Mo ra páàdì tuntun fún ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, torí a kì í pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan dá ìkejì sí.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mo ti ṣe é. Mo fi igi há táyà ẹ̀yìn, mo dẹ nọ́ọ̀tì táyà iwájú kí n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo sì gbé e lé sítáǹdì irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀mí yín lé jáàkì nìkan lọ́wọ́.

Mo tú bóòtù kálípà, ìyẹn irin tó gbá páàdì méjèèjì mú, mo sì fi wáyà so kálípà kọ́ sókè kó má baà fi rọ́bà ọ́ìlì bíréèkì rọ̀. Rọ́bà yẹn lè ya nínú kí ojú má rí i.

Páàdì tí mo yọ ló sọ ibi tí iṣẹ́ wà fún mi. Ti inú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, ti ìta ṣì nípọn. Pístínì, irin róbótó inú kálípà tí ọ́ìlì ń tì, ló ń ti páàdì inú mọ́ dísìkì. Kálípà fúnra rẹ̀ ló ní láti sún lórí píìnì rẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀pá irin kéékèèké tó ń rìn lé, kó tó lè fa ti ìta mọ́ra. Bí píìnì bá ti gan, ti inú nìkan ni yóò máa jìyà. Ká kàn ki páàdì tuntun bọ ibẹ̀, bákan náà ni yóò tún jẹ.

Mo fa àwọn píìnì náà jáde, mo nù wọ́n, mo fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì pa wọ́n. Gíríìsì lásán máa ń mú rọ́bà wọn wú. Mo tì wọ́n wọlé títí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìfipá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ibi tí páàdì ń jókòó sí. Ọwọ́ lásán ló yẹ kó ti páàdì wọ ibẹ̀. Bó bá di pé à ń wá òòlù, ìpẹtà ṣì kù. Mo wọn dísìkì pẹ̀lú: ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ jù wà lára rẹ̀, tèmi ṣì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó ti pístínì padà, mo ṣí ìdérí agolo ọ́ìlì bíréèkì, mo ń wò ó kó má kún dà sílẹ̀, torí ó máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Mo fi páàdì àtijọ́ lé ojú pístínì, mo sì fún un wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn pístínì ẹ̀yìn kan wà tó jẹ́ pé yíyí là ń yí wọn wọlé. Ẹ má fi agbára tì wọ́n.

Mo nu ọwọ́ mi kúrò nínú gíríìsì kí n tó fọwọ́ kan ojú páàdì tuntun. Mo to gbogbo rẹ̀ padà, mo sì fún bóòtù dé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀.

Ohun tó ń pa èèyàn ló kàn: kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, mo tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Títẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń lọ dé ilẹ̀ ni, kò ní mú rárá. Mo wá wo ọ́ìlì, mo bọ́ sójú ọ̀nà tó dá, mo sáré dé nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, mo rọra fi bíréèkì fà á bọ̀ sí 10 láìdúró pátápátá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń sinmi láàárín kí dísìkì lè tutù.