Pọ́dà nìkan ò tó: àṣìṣe tó ń ba eegun gẹ́kò yín jẹ́

Tí wọ́n bá ti fi fọ́tò gẹ́kò, ẹranko kékeré tó jọ ọmọńlé tí wọ́n ń sìn nínú ilé, ránṣẹ́ sí mi pé kò jẹun mọ́, pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò kì í bi wọ́n pé ṣé ẹ ń fún un ní kálíṣíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le. Gbogbo èèyàn ló ń fún un. Ike pọ́dà wà lórí tábìlì, wọ́n á tiẹ̀ ya òun náà mọ́ ọn. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé pọ́dà wo ni, kí ni ìrẹ̀ tó ń jẹ ti jẹ kí òun náà tó jẹ ẹ́, báwo sì ni ibi tó ń sùn ṣe gbóná tó. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń tú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ, kó ra bone meal, ìyẹn eegun ẹran tí wọ́n lọ̀, kó wá máa bù ú lé ìrẹ̀ lórí. Wọ́n á ní ṣebí eegun ni, ṣebí eegun náà ló ń dun gẹ́kò. Rárá o! Bone meal ní èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, bẹ́ẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ti pọ̀ jù lára ìrẹ̀ àti ìdin tẹ́lẹ̀. Ohun tá à ń wá ni kí kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ gẹ́kò tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, òdìkejì ẹ̀ ló sì wà lára kòkòrò, ìdí tá a fi ń bu pọ́dà lé wọn nìyẹn. Kálíṣíọ̀mù kábónéètì ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ sára ike ẹ̀ pé kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Oyster shell tí wọ́n ń tà fún adìyẹ tó ń yé, kábónéètì ni lóòótọ́, àmọ́ ó rí ṣákaṣàka, kò ní lẹ̀ mọ́ ara ìrẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá a tì, ẹ se èèpo ẹyin, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná dáadáa, ẹ lè fi sún un díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí gidi rà, ṣùgbọ́n kò ní fítámínì D3 nínú o.

D3 yìí gan-an ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Láìsí fítámínì D3, ẹnu ni kálíṣíọ̀mù máa gbà wọlé, ìdí ló sì máa gbà jáde, díẹ̀ báyìí ni ìfun máa rí mú nínú ẹ̀. Kálíṣíọ̀mù tí ẹ̀jẹ̀ nílò ńkọ́? Ara á lọ yọ ọ́ lára eegun, díẹ̀díẹ̀, títí eegun á fi rọ̀. Ara gẹ́kò lè ṣe D3 fúnra ẹ̀ tí UVB, ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kì í rí, bá kàn án, ni ẹlòmíràn á bá gbé àpótí gíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á ní oòrùn Ìbàdàn kúkú wà ńlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Gíláàsì kì í jẹ́ kí UVB kọjá. Ooru nìkan ló máa wọlé, ooru yẹn sì lè pa á kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra gílóòbù UVB náà, ẹ má sùn, torí gílóòbù yẹn ṣì lè máa tàn kedere nígbà tí UVB inú ẹ̀ ti tán, púpọ̀ nínú wọn kì í ju oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lọ, ojú wa ò sì lè rí i pé ó ti tán.

Àwọn kan wà tó jẹ́ àṣejù ni tiwọn. Wọ́n gbọ́ pé D3 dáa, wọ́n wá ń fún un lójoojúmọ́, wọ́n ń lọ oògùn kálíṣíọ̀mù tí wọ́n kọ fún màmá wọn, wọ́n ń kán cod liver oil, òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, sí i lẹ́nu. D3 kì í bá ìtọ̀ jáde bẹ́ẹ̀ yẹn, inú ọ̀rá ló ń kóra jọ sí, tó bá ti pọ̀ jù, kálíṣíọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í dì sínú kíndìnrín àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ike méjì ni kẹ́ ẹ ní. Èyí tí ò ní D3 ni kẹ́ ẹ máa lò jù, èyí tó ní D3 ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí kò bá sí iná UVB, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ìdérí ìgò tí pọ́dà wà nínú ẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan kó máa lá a, kó má jẹ́ èyí tó ní D3.

Ìrẹ̀ tí ebi ń pa, òfìfo lẹ fún gẹ́kò jẹ. Ó kéré tán, láti àná ni kẹ́ ẹ ti máa bọ́ ìrẹ̀ yẹn, ewé mọ̀ríńgà, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ò dáa torí ohun kan wà nínú ẹ̀ tó ń di kálíṣíọ̀mù mú. Ẹ kó ìrẹ̀ sínú ọ̀rá pẹ̀lú pọ́dà, ẹ mì ín títí wọ́n á fi funfun, kẹ́ ẹ dà á sílẹ̀ fún gẹ́kò lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan á bu pọ́dà sí i láàárọ̀, á di alẹ́ kí gẹ́kò tó jáde wá jẹ, ìrẹ̀ ti fi ẹnu nu ara ẹ̀ mọ́ tónítóní! Ẹ sì má fún un ní aáyán tẹ́ ẹ mú nínú ilé o, ẹ ò mọ ilé ẹni tó ti jẹ oògùn.

Yanrìn kálíṣíọ̀mù tí wọ́n ń tà pé kẹ́ ẹ fi tẹ́ ilẹ̀ àpótí ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má rà á. Gẹ́kò tí kálíṣíọ̀mù ń wọ́n lára ẹ̀ á máa lá a, ó sì lè dí ìfun ẹ̀ pa. Pépà ìnuwọ́ ti tó.

Ooru làwa ará Ìbàdàn máa ń fojú di, torí a rò pé ìlú wa gbóná. Ó gbóná lóṣù kejì àti ìkẹta lóòótọ́. Àmọ́ oṣù kẹjọ ńkọ́, tójú ọjọ́ á dúdú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àti òru ọyẹ́ tẹ́yin fúnra yín ń wá aṣọ ìbora? Oríṣi gẹ́kò tí wọ́n ń pè ní leopard gecko, àti fat-tail tó jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí náà, ń fẹ́ ibì kan tó gbóná tó nǹkan bí 30 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí oúnjẹ tó lè dà nínú wọn. Oúnjẹ tí ò dà, kálíṣíọ̀mù wo ló fẹ́ tinú ẹ̀ jáde? Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ tì í sí apá kan nínú àpótí ẹ̀, kẹ́ ẹ fi apá kejì sílẹ̀ kó lè sá kúrò níbẹ̀ tó bá fẹ́.

Ẹ máa wo bó ṣe ń rìn. Gẹ́kò tára ẹ̀ le máa ń gbé ikùn kúrò nílẹ̀. Èyí tí kálíṣíọ̀mù ti ń tán lára ẹ̀ á máa fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́, ikùn á máa fa ilẹ̀, tó bá dúró ìka ọwọ́ ẹ̀ á máa jó fúnra wọn. Á fo mọ́ ìrẹ̀, á tàsé. Nígbà tó bá rí i mú, kò ní lè rún un, torí eegun àgbọ̀n ẹ̀ ti ń tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìka tẹ àgbọ̀n yẹn wò bóyá ó ti rọ̀! Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é nínú fídíò, eegun tó ti rọ̀ lè kán sí yín lọ́wọ́. Ẹ má fi òrí tàbí àdí àgbọn ra ẹsẹ̀ tó ti wọ́, ẹ má nà án bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ ọmọ tuntun, ẹ má sì da pọ́dà gbígbẹ sí i lẹ́nu, ó lè há a lọ́fun.

Tó bá ti débi gbígbọ̀n yẹn, ó ti kúrò ní ohun tí pọ́dà ilé lè ṣe, ọ̀dọ̀ dọ́kítà ẹranko ló kàn. Iléèwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ pè kẹ́ ẹ bèèrè ẹni tó ń tọ́jú alángbá àti ìjàpá, torí kì í ṣe gbogbo dọ́kítà tó mọ màlúù àti ajá ló mọ gẹ́kò. Wọ́n lè ya X-ray, wọ́n á fún un ní kálíṣíọ̀mù olómi tẹ́ ẹ máa fi sírínjì kán sí i lẹ́nu, tí gìrì bá ti ń mú un wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́. Inú ike kékeré tó ní ihò ni kẹ́ ẹ gbé e sí lọ, kẹ́ ẹ tẹ́ pépà síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi yín rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ pé ọmọńlé lẹ̀ ń gbé lọ sọ́sípítù, ẹ jẹ́ kó rín in.

Nílé, ẹ kó igi àti òkúta tó ń gùn kúrò, torí ìṣubú kékeré lè dá a lẹ́sẹ̀. Oògùn yẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gba oṣù, ẹ má sì dá a dúró torí pé ó ti jẹ ìrẹ̀ méjì. Eegun á le padà, àmọ́ èyí tó ti wọ́ kì í sábà nà mọ́. Tó bá jẹ́ abo ni, ẹ gbé akọ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ pátápátá, torí èèpo ẹyin tó bá tún fẹ́ ṣe, ara eegun yẹn náà ló máa ti lọ mú kálíṣíọ̀mù ẹ̀.