Bí a ṣe ń yan ìdẹ fún ẹja tí kì í tètè jẹ ìwọ̀ nínú adágún

Kí ẹ tó wa ekòló kankan, ẹ bi ẹni tó ni adágún náà léèrè ohun tó fi ń bọ́ ẹja rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń bá pàdé létí adágún ní àyíká Adó-Èkìtì kì í béèrè, tí ọwọ́ wọn bá sì ṣófo, wọ́n á ní ẹja ibẹ̀ ti gbọ́n jù. Epìyà tí wọ́n fi oúnjẹ oníhóró tó ń léfòó tọ́ láti kékeré kò ka ekòló sí oúnjẹ; ojú omi ló ń wò, òórùn oúnjẹ yẹn ló sì mọ̀. Ti dáàmù yàtọ̀. Ẹja dáàmù Ureje, tàbí ti Ero ní Ìkún-Èkìtì, ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, nítorí náà ekòló, ikán àti ìrẹ̀ kò ṣàjèjì sí i.

Bí ó bá jẹ́ àrọ̀ lẹ fẹ́ mú, òórùn ni kí ẹ lépa, nítorí alẹ́ ló ń jẹun jù, irun gígùn ẹnu rẹ̀ ló sì fi ń mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ omi. Ìfun adìẹ dára, àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà a sì máa fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹdọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kí ẹ fi òwú ìránṣọ wé e mọ́ ìwọ̀ kí ó má baà já bọ́. Àwọn apẹja mìíràn ń lo ègé ọṣẹ ìfọṣọ, ó sì ń mú àrọ̀ dáadáa.

Epìyà ló ń yọni lẹ́nu. Ìdẹ tí mo ń lò fún ti inú adágún ni iyán àná, ẹ̀kúnwọ́ kan, tí mo fi ìdajì ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ ẹja tí a gún kúnná pò mọ́ láìbu omi sí i, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ̀bà náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó tètè ń tú nínú omi. Bí ẹ kò bá rí oúnjẹ ẹja, ẹ lo edé gígún. Ẹ ju díẹ̀ sínú ife omi. Bí kò bá tú ká títí ìṣẹ́jú 10, ó ti tó. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan epo kẹrosíìnì tàbí oògùn ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ po ìdẹ yìí àfi tó bá fi iyanrìn àti omi adágún fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí: wọn kì í fi ìyàtọ̀ sí ẹja tó kọ ìdẹ àti ẹja tí kò lè gbé ìwọ̀ mì. Bí ìdẹ bá ń tán lórí ìwọ̀ tí ẹ kò sì rí ẹja mú, ìdẹ yín dára, ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀ ló tóbi jù. Ẹnu epìyà kéré, ó sì máa ń ṣa ìdẹ jẹ yí irin ká. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà ìwọ̀ lásán (èyí tí kò ní «/0» lẹ́yìn) bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, nítorí náà nọ́ńbà 10 kéré ju nọ́ńbà 4 lọ. Nọ́ńbà 10 ni kí ẹ lò fún epìyà, kí ìdẹ má sì ju hóró àgbàdo kan lọ, kí ó bo ṣóńṣó ìwọ̀ láìsí pé ó le jù.

Bí ìdẹ bá sì wà digbí lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ ìdẹ, tó pààrọ̀ ìwọ̀, tó tún sún síbòmíràn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí ẹja kan jẹ ẹ́, kò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jíjìn ìwọ̀ sínú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, lẹ́yìn náà ìdẹ. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn ohun tó ń léfòó tó ṣeé fà sókè sódò lórí okùn. Ègé àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì gbígbó ti tó fún èyí, ọ̀pá ọparun náà sì tó láti fi dẹ ìwọ̀.

Ìgbà kan wà tí ìdẹ kò jẹ̀bi rárá. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, atẹ́gùn inú omi adágún máa ń kéré, ẹ ó sì rí epìyà tí wọ́n ń lanu lójú omi. Mímí ni wọ́n ń wá, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ dúró kí oòrùn yọ dáadáa. Nígbà ọyẹ́, tí omi bá tutù, wọn kì í jẹun púpọ̀. Abo epìyà tó gbé ẹyin tàbí ọmọ sẹ́nu kì í jẹun ní tirẹ̀, bó ti wù kí ìdẹ dára tó.

Tí ẹ bá ti mú àkọ́kọ́, ẹ la inú rẹ̀ kí ẹ tó dẹ ìwọ̀ padà. Bí inú rẹ̀ bá kún fún ohun àwọ̀ ewé, ẹ lọ tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ díẹ̀ mọ́ iyán yín. Bí ẹ bá rí ìyẹ́ ikán níbẹ̀, ẹ gbé iyán sílẹ̀ kí ẹ lọ tú ilé ikán.