Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Ìbò Wọ́ọ̀dù Gúúsù ní Derry, àti Owó Máàpù Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

£45 ni mo san fún máàpù kan tí kò wúlò fún mi rárá, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Máàpù wọ́ọ̀dù ìdìbò ìlú Derry, ní Àríwá Ireland, ni mo béèrè, èyí tó máa fi ààlà wọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn láti 1936 títí dé ìbò 1967. Mo kọ ọdún rẹ̀ sínú ímeèlì, mo kọ orúkọ wọ́ọ̀dù, mo sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ti káńsù ni mo ń wá, kì í ṣe ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn tó ń ta àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ náà dá mi lóhùn pé àwọn ní in, kí n sanwó. Ìgbà tó dé, ti Stormont, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Àríwá Ireland ìgbà yẹn, ni: Foyle lápá kan, City lápá kejì. Wọ́ọ̀dù kankan kò sí lórí rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn bá ti tẹ̀ fún oníbàárà, àwọn kì í gbà á padà mọ́.

Kíláàsì ìtàn tí mo ń lọ nírọ̀lẹ́ ló gbé iṣẹ́ yìí wá. Olùkọ́ ní kí kálukú mú wọ́ọ̀dù kan tí kò sí mọ́, kó kọ bí ìbò ṣe lọ níbẹ̀. Mo mú Gúúsù nítorí inú rẹ̀ ni mò ń gbé. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé kan lẹ́bàá Bogside, àdúgbò Kátólíìkì kan ní Derry, àwa mẹ́rin la sì jọ ń lo ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn, ó ní, "Ìwọ yìí, kí ló kàn ọ́ nínú ìbò òyìnbó?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ ayé ìgbà yẹn ni, èmi yìí ò ní lè dìbò." Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá ni ilé tàbí tó gba odindi ilé, tó ń san owó-orí ilé fún káńsù, àti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àwọn ni òfin gbà láyè láti yan kánsílọ̀. Ẹni tó gba yàrá kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ tó ti dàgbà, tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní tirẹ̀ sì lè yan ènìyàn títí dé mẹ́fà kí wọ́n máa dìbò lórúkọ rẹ̀. Ìyókù Ìlú Ọba ti jẹ́ kí àwọn tí kò ní odindi ilé máa yan kánsílọ̀ láti 1945. Àríwá Ireland gbá òfin tirẹ̀ mú ṣinṣin.

Iye olùdìbò kò fún mi ní wàhálà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Lord Cameron jẹ́ alága rẹ̀ ti to gbogbo rẹ̀ sínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1969, mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ní 1967, Wọ́ọ̀dù Gúúsù ní olùdìbò Kátólíìkì 10,047, àwọn yòókù 1,138, ìjókòó 8. Wọ́ọ̀dù Àríwá ní Kátólíìkì 2,530, àwọn yòókù 3,946, ìjókòó 8 bákan náà. Waterside, tó wà ní òdìkejì odò Foyle, ní Kátólíìkì 1,852, àwọn yòókù 3,697, ìjókòó 4. Kátólíìkì jẹ́ 14,429 lápapọ̀, àwọn tó kù 8,781. Síbẹ̀, ìjókòó 12 ni Unionist (àwọn tó fẹ́ wà lábẹ́ Ìlú Ọba, Pùròtẹ́sítáǹtì ló pọ̀ jù nínú wọn) ń mú, Nationalist (àwọn tó fẹ́ kí Ireland di ọ̀kan, Kátólíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn) 8. Ẹ wo Gúúsù dáadáa: nǹkan bí olùdìbò 1,400 ló wà lẹ́yìn kánsílọ̀ kan níbẹ̀, nígbà tí ti Àríwá kò ju nǹkan bí 810 lọ. Mo tún ìṣirò náà ṣe títí ó fi dá mi lójú, nítorí ojú mi kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ kò ṣòro láti tẹ̀ lé. Ní 1920, ìbò tó ń pín ìjókòó gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn tó dìbò ni wọ́n lò, àwọn Nationalist àti Sinn Féin, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Ireland, pa pọ̀ borí, Hugh O'Doherty sì di olórí ìlú, Kátólíìkì àkọ́kọ́ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1922, ìjọba Stormont fagi lé irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ní 1936, wọ́n sọ wọ́ọ̀dù márùn-ún di mẹ́ta. Wọ́n kó Bogside, Brandywell àti gbogbo agbègbè Kátólíìkì tó pọ̀ jù sínú Gúúsù, wọ́n jẹ́ kí wọ́n mú ìjókòó 8 wọn níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni agbára wọn sì pin sí. Ẹni tí Nationalist bá fà kalẹ̀ ní Gúúsù ti wọlé kí ọjọ́ ìbò tó pé.

Ibi tí iṣẹ́ mi ti há rèé: ààlà gan-an. Olùkọ́ fẹ́ kí n ya ibi tí Gúúsù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, òpópónà sí òpópónà. Àwọn ìwé tí mo kà ń sọ pé Bogside àti Creggan wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Wọ́ọ̀dù tó wà lónìí kò bá ti ìgbà yẹn mu rárá, orúkọ pàápàá ti yí. Ìdí tí mo fi ní kí n ra máàpù nìyẹn.

Mo kọ̀wé padà sí àwọn tó tà á fún mi. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo yà á. Ẹlòmíràn dáhùn, ó ní Foyle wà lórí rẹ̀, Foyle sì wà ní Derry, kí wá ni mo tún ń fẹ́? Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìjókòó aṣòfin ló ń jẹ́ Foyle, pé wọ́ọ̀dù káńsù yàtọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn máa fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀gá àwọn létí. Ọ̀gá kò kọ̀wé. Mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n fi orin sí mi létí títí ó fi já. Nígbà tí mo tún pè, wọ́n ní nọ́ńbà ìbéèrè mi ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹni tó ń ta ọjà má mọ ohun tó ń tà, kó tún máa bá oníbàárà tó mọ̀ ọ́n jiyàn, ìyẹn ló dùn mí ju owó lọ. Báǹkì mi ti gbà á rò, wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Obìnrin kan ní ilé ìkàwé ló tú mi sílẹ̀. Ó ní kí ni mò ń fi máàpù ṣe nígbà tí ìwé orúkọ olùdìbò wà. Ó gbé e jáde fún mi. Òpópónà ni wọ́n fi to ìwé náà lábẹ́ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ilé lẹ́yìn nọ́ńbà ilé. Mo kọ gbogbo òpópónà tó wà lábẹ́ Gúúsù sílẹ̀, mo wá fi bírò pupa kun wọ́n lórí máàpù ìlú tó wà lónìí. Ibi tí pupa dúró sí ni ààlà. Ó gba àsìkò, ẹ̀yìn dùn mí, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ ara mi yà á, kò sì sí ẹlòmíràn ní kíláàsì wa tó ní irú rẹ̀.

Àwọn òpópónà kan ti pa rẹ́. Rossville Flats, ilé gogoro mẹ́ta tí wọ́n parí ní 1966 kí wọ́n lè rọ́ ènìyàn sí Gúúsù láì fọwọ́ kan Àríwá, ti wó. Ilé túmọ̀ sí ìbò, nítorí náà ibi tí wọ́n bá kọ́lé sí ṣe pàtàkì gan-an. Mo mú orúkọ òpópónà tí mi ò rí lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa, ọmọ Bogside ni. Ó fi ìka tọ́ ilé bàbá rẹ̀ nínú àdàkọ tí mo ṣe: orúkọ méjì péré ló wà níbẹ̀, bàbá àti ìyá. Ó ní, "Àwa mọ́kànlá la ń sùn nínú ilé yẹn." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti níyàwó, tó ti bímọ, ń gbé nínú yàrá iwájú. Wọ́n gbà kí ó dìbò sí ilé aṣòfin ní London, wọn kò gbà kí ó yan kánsílọ̀ tó máa pín ilé fún un. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, òun ni mo sì fi ṣíwájú ìwé mi.

Ìyókù ẹ ti lè mọ̀ ọ́n. Ìwọ́de ẹ̀tọ́ aráàlú ti October 5, 1968 ní Duke Street ní Derry, ọlọ́pàá fi kóńdó lu àwọn ènìyàn, ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó di 1969, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn ti gba ipò káńsù, òfin ìbò sì yí padà. Ìgbà tí wọ́n tún dìbò káńsù ní May 30, 1973, gbogbo ẹni ọdún 18 sókè ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, Wọ́ọ̀dù Gúúsù kò sì sí mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìwé olùdìbò ni kó kọ́kọ́ béèrè, kó tó ná kọ́bọ̀ lórí máàpù. Tó bá pọn dandan kí ẹ rà á, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò igun tí wọ́n kọ àkọlé sí ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi káàdì san. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí, tí ẹ ní ìwé ìgbélùú, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀: ọmọ Commonwealth lè dìbò káńsù, ẹni tó gba yàrá náà lè dìbò. Mo dìbò tèmi ní May 2023. Wọ́ọ̀dù Àríwá ni mo kàn báyìí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn òpópónà rẹ̀ sílẹ̀, láti Northland Road.