Àṣìṣe Tí Ẹ̀ Ń Ṣe Tí Ẹ Bá Ń Kọ́ Ọmọ Nípa Inú Ara

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ọ̀yọ́ níbí. Inú máa ń bí mi tí òbí bá náwó rẹpẹtẹ sórí ṣáàtì ńlá, tí ọmọ ọdún 5 ń ka “heart, liver, kidney” bí odídẹrẹ́, àmọ́ tí mo bá ní kó fọwọ́ kan ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, ìdodo ló máa fọwọ́ kàn.

Èkíní, ẹ má fi àwòrán bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ sáré yí ilé po, kó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. Ohun tó ń lù kìkìkì yẹn ni ọkàn. Kó di ẹ̀ṣẹ́: ọkàn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi jùyẹn lọ. Àárín àyà ló wà, ó kàn tẹ̀ sí òsì díẹ̀ ni.

Èkejì, kíndìnrín ò sí níwájú ikùn. Ẹ̀yìn ni, méjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ yé fi inú ara dẹ́rù bà wọ́n. Bàbá kan sọ fún ọmọ kíláàsì mi pé tó bá gbé kóró àgbálùmọ̀ mì, igi á hù níkùn rẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta lọmọ náà ò fi jẹun ọ̀sán, tó ń tẹ ikùn wò. Ẹ sọ òótọ́ fún un: kóró lè há a lọ́fun. Ìyẹn tó ìkìlọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ máa ń lé ọmọ kúrò ní ìdí adìẹ tí ẹ ń kun. Èmi náà ti ra bèbí oníke tó ní ìfun àti ẹ̀dọ̀ rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi sọnù. Lọ́jọ́ ọdún kan, ìyá ọkọ mi ń kun adìẹ, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kọ́mọ mi jókòó tì wọ́n. Wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ sókè, òróòro tútù yọ̀yọ̀ rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. “Rọra o, tó bá bẹ́, ẹran á korò.” Ọmọ ní, “Màmá àgbà, ṣé èmi náà ní in?” Ó ní in, lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà, bí tiwa ṣe wà. Ọjọ́ yẹn ló yé mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń ní ká fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Wọ́n ti wo inú ẹran dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà a wá okùn mítà 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìfun kékeré àgbàlagbà. A nà án láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó kọjá ìdí kànga. Ọmọ ò gbàgbé ìyẹn di òní.

Àmọ́ mi ò ya ti adìẹ sọ́tọ̀ kúrò lára tèèyàn fún un, ìyẹn sì ni àṣìṣe tèmi. Ó lọ sọ ní kíláàsì pé iwe òun kún fún iyanrìn. Adìẹ ò léyín, iwe ló fi ń lọ oúnjẹ; àwa ò ní in. Tí ẹ bá sì mú ọmọ lọ sídìí alápatà ní ọjà Akẹ̀sán, ẹ sọ fún un pé ọ̀nà mẹ́rin ni àpò oúnjẹ inú màlúù pín sí, tiwa jẹ́ ẹyọ kan.

Tí ẹ bá fẹ́ pa adìẹ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe ọmọ yín kí ẹ tó mú ọ̀bẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣe tán.