Bí mo ṣe ya Ìbàdàndùn tèmi

Inú àpótí ìyá ìyá mi ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ká pamọ́ tipẹ́, aró ẹ̀ ti ṣá díẹ̀ ṣùgbọ́n àwòrán ara ẹ̀ ṣì hàn kedere. Màmá mi ní Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, àwọn òpó tí mò ń wò yẹn òpó gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn ni, èyí tó wà láàárín wọn ṣíbí ni. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn, àwọn ìyá wa rí ilé ńlá lórí òkè wọ́n sì gbé e sórí aṣọ, nígbà tí wọ́n ṣe júbílì Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935 náà, wọ́n ya òun àti ìyàwó ẹ̀ sórí aṣọ. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń yà! Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi o, torí látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àdìrẹ yìí, àwòrán Olókun àti Súnbèbè tí àwọn àgbà ti yà ni mò ń wò yà, mi ò tíì ya ohun tí èmi fúnra mi rí.

Mo bá wọ takisí Micra lọ sí Màpó láàárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Páànù tó ti dípẹtà ló wà nísàlẹ̀ lọ súà, Micra sì ń gba àárín ẹ̀ kọjá bí èèrà. Mo ya gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Mo fi òpó sílẹ̀, mo yọ ṣíbí, mo fi Micra àti páànù rọ́pò ẹ̀.

Mo ra aṣọ òwú funfun yáàdì márùn-ún, mo fọ̀ ọ́ kí nǹkan líle ara ẹ̀ lè kúrò, mo gé e sí méjì mo rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo wá pín in sí ojú-ojú. Ẹ̀kọ tí a fi ń ya àwòrán, kí aró má bàa wọ ibẹ̀, ló kù. Láfún ni mo fi ń sè é, mo máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i, mo sì máa ń sẹ́ ẹ kí kókó má bàa sí níbẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ sè ṣàn jù, bí mo ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ fà á ló ń tàn kálẹ̀, mo dà á nù mo sì tún òmíràn sè. Òpó àti Micra, ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi yà á. Páànù ló fún mi ní wàhálà, mi ò mọ bí màá ṣe fa ìlà wẹ́wẹ́ tó máa dọ́gba, àfi ìgbà tí mo rántí pé àwọn ìyá máa ń fi ìyarun fa ẹ̀kọ, mo gbé ìyarun lé e báyìí, mo fà á lẹ́ẹ̀kan, páànù dé! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi yà á tán.

Aró, èlú àti omi eérú náà ni. Ẹ rọra rì í bọ ìkòkò, ẹ má fún un rárá, torí ẹ̀kọ lè ṣí. Tó bá kọ́kọ́ jáde àwọ̀ ewé lẹ máa rí, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló tó ń di búlúù, ẹ sá a kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tún rì í. Ìgbà méje ni mo rì í. Ní ìkejì, ẹ̀kọ etí aṣọ ò tíì gbẹ dáadáa, aró wọ inú Micra kan, ó dùn mí gan-an, mo kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo fi ọ̀bẹ ha ẹ̀kọ kúrò, mo sì ṣan aṣọ.

Mo gbé e lọ fún màmá mi. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ní, “Ṣíbí dà?” Mo ní Micra ló wà níbẹ̀ báyìí, mà. Wọ́n ní, “Ìlú tí wọn ò ti jẹun, ṣé ìyẹn náà dùn ni?”

Èyí tí mò ń yà lọ́wọ́ báyìí, mo ti fi ṣíbí yí gbogbo etí ẹ̀ ká.